Táíwò Re Èkó

Ṣọ́ọ̀bù Agbẹ́gilére,
Ẹ̀yìn Ọjà Ojúwòyè,
Múṣín, Èkó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, ọdún 1976.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Múṣín níbí. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dà yín láàmú ti ń gbọ́ ìpara? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ará ilé wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, títí kan ìyàwó yín Àṣàkẹ́, tí mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásìkò yìí? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Èkó ń tì wá, àwa náà ń ti Èkó. Mo mọ̀ pé ẹ kò kàwé, nítorí náà ẹni tí mo fi lẹ́tà yìí rán ni yóò kà á sí yín létí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó rọra kà á, kí ó má sì fo ìlà kankan, bó ti wù kí ó korò tó.

Iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi dé ọwọ́ mi. Ẹ ní ère Táíwò pòórá lórí àpótí inú yàrá yín nígbà ọdún Kérésì, pé kí n bá yín gbẹ́ òmíràn. Ẹ ní Àṣàkẹ́ ló fi owú orogún jù ú sí ààtàn, pé ẹ ti fẹjọ́ rẹ̀ sun baálé, àti pé bí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé olóògbé ọkọ yín. Ẹ̀gbọ́n mi, kí n tó sọ ohun mìíràn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí: Àṣàkẹ́ kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ẹ rán ènìyàn sí baálé lónìí olónìí. Èyí tó kù, ẹ fìdí balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ.

Nígbà tí iṣẹ́ yín dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi ìrè. Ẹ rántí pé nígbà ayé bàbá wa ní Ọ̀yọ́, ìdí igi nínú oko ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì tu igi náà lójú kí àáké tó kàn án. Níbí, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò pákó ni mo lọ, ẹni tó ń tà á sì bi mí bóyá férémù àga ni mo fẹ́ fi ṣe. Mi ò bá a jà. Àwọn ìyá ìbejì Múṣín ti ń ra bèbí oníròbà lọ́jà, wọ́n á gbé e pọ̀n, ó parí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kẹ́yìn ti ń kan àga onífómù ní Ìdí-Òro, ara rẹ̀ sì ń dán. Ọláṣùpọ̀ ọmọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Ìjọra. Ó ní bí òun bá di àáké mú, apá a máa ro òun. Apá tó ń yí sítíárìn dé Kánò kì í ro ó o!

Ọ̀sẹ̀ tí mo rí igi náà ni Yẹ̀kínnì wọlé dé. Yẹ̀kínnì yìí ló máa ń ra ère lọ́wọ́ mi, tí í tà á fún àwọn òyìnbó ní ìhà Yábà. Ènìyàn dáadáa ni, àfi pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó tú ère kan jáde nínú ìwé ìròyìn tó fi wé e, ó ní, “Bàbá, ẹ wo ojú eléyìí dáadáa. Irú rẹ̀ ni kí ẹ bá mi gbẹ́, ó máa pọ̀ díẹ̀ o. Òyìnbó tó rà á lọ́wọ́ mi ni mo yá a lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń fẹ́ irú ilà ojú yẹn.” Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ kò lè gbàgbé ilà yẹn. Táíwò ni ère àkọ́kọ́ tí bàbá wa jẹ́ kí n dá gbẹ́. Ikú ọmọ náà ti dà mí lọ́kàn rú, mo wá fín àbàjà ilé tiwa sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, àfi bí ẹni pé ilé wa ló ti wá. Bàbá dé, ó wò ó, ó ní, “Ọmọ ta lo ń gbẹ́? Ṣé ilà ilé ìyá lọmọ ń kọ ni?” Igi kì í ṣe amọ̀, ohun tí ọ̀bẹ bá ti gé kúrò, ó lọ nìyẹn. Ó ní kí n fín gọ̀mbọ́ ilé ọkọ yín sí ti òsì. Olóògbé ọkọ yín bínú gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀yin rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ẹ ní ọmọ yín ní ilé méjì. Àṣìṣe mi yẹn làwọn òyìnbó rí tí wọ́n ń pè ní ọnà.

Àmọ́ ilà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Imú ti rẹlẹ̀, ètè ti dán. Ọwọ́ yín ni. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń wẹ̀ ẹ́, tí ẹ ń fi osùn pa á lára, tí ẹ ń fi ẹ̀wà kàn án lẹ́nu kí ẹ tó wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ yín ló ń gbẹ́ ẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Mo sunkún níwájú Yẹ̀kínnì, mi ò sì tijú. Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ó káwọ́ lérí. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó múra dáadáa ló tà á fún òun, òun kò béèrè orúkọ rẹ̀, ère náà kì í sì í ṣe ti òun mọ́. Mo lè sọ pé ó sọnù kí n sì pa á mọ́. Ọkàn mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n Yẹ̀kínnì ló ṣe onídùúró fún un, a kò sì ní fi olè tún olè ṣe. Mo ní kí ó mú mi lọ bẹ òyìnbó náà.

Kí n má baà lọ lọ́wọ́ òfo, mo fi igi tí mo wá fún yín gbẹ́ èkejì rẹ̀, kí n lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Mo fi ewé ìpín ha ojú rẹ̀ títí orí ìka mi fi bó. Ó jọ ọ́, mi ò purọ́. Èdè òyìnbó mi kò sì ju kí n kí ènìyàn láàárọ̀ lọ, ni mo bá ránṣẹ́ sí Kẹ́hìndé ọmọ yín ní Súrùlérè níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, pé kó wá bá mi ṣe ògbufọ̀. Mi ò sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún un. A pàdé Yẹ̀kínnì lẹ́nu ọ̀nà òyìnbó náà ní Sábó. Ó wo Kẹ́hìndé, ó yọ̀ mọ́ ọn, ó ní, “Ha, bùọ̀dá, ẹ̀yin náà rèé! Ṣé ẹ tún mú òmíràn wá ni?”

Kẹ́hìndé, o ti dé ibi tí mo ní kí o má fò. Gbé ohùn rẹ sókè kí ìyá rẹ gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì. Ẹni tó ń kàwé sí yín létí yìí ló gbé e. A wọlé, a jókòó lórí àga òyìnbó. Mo ní, “Sọ fún un pé ọmọ ni eléyìí. Sọ fún un pé wọ́n jí i gbé ni, ìyá rẹ̀ sì ń wá a.” Ó sọ ọ́. Mi ò mọ bó ṣe sọ ọ́ lédè òyìnbó, ṣùgbọ́n òógùn bò ó nínú ilé tí fáànù ti ń fẹ́. Òyìnbó gbé èyí tí mo gbẹ́, ó gbé Táíwò, ó fi àtàǹpàkò ra ojú àwọn méjèèjì, ó sì dá tèmi padà fún mi. Kẹ́hìndé túmọ̀ rẹ̀: “Ó ní ẹ má bínú. Ó ní tiyín dára, ṣùgbọ́n tuntun ni.” Àlejò tí kò mọ̀ wá rí mọ iṣẹ́ ọwọ́ yín yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé wọn.

Nígbà tí à ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú irin Yábà ni Kẹ́hìndé jókòó sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn òbí Lucy, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, ló ń bọ̀ wá kí yín nígbà ọdún Kérésì. Díákónì ni bàbá rẹ̀, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n bá ère nínú yàrá yín. Ó ní Èkó ni òun ti fẹ́ dáná sun ún, òun tilẹ̀ ti ṣáná, ni òun bá rí ojú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ṣé kí n sun ara mi ni?” Ló bá gbé e fún ẹni tó máa gbé e jìnnà. Ẹ rántí ohun tí ẹ máa ń sọ fún un ní kékeré tó bá ń béèrè èkejì rẹ̀. A kì í sọ pé ìbejì kú. Ẹ ní Táíwò re Èkó, ó lọ ra aṣọ wá. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ló wá gbé e dé Èkó. Ó ti kọjá Èkó báyìí, ó sì dùn mí wọra pé mi ò lè dá a padà fún yín.

Ó gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kó lanu. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, nítorí ẹnu òun kò gbà á. Mo ní èmi á kọ ọ́, òun á kà á. Kí ó tó sùn lónìí, kí ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àṣàkẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí tí mo bá ṣàṣejù, ṣùgbọ́n ẹ bá a lọ.

Ní tèmi, mo ti gbẹ́ díẹ̀ nínú èyí tí Yẹ̀kínnì ń fẹ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àbàjà lọ́tùn-ún, gọ̀mbọ́ lósì, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bàbá wa kì í gbé àáké láìmọ orúkọ ọmọ àti ilé bàbá rẹ̀. Bí ó bá jí dìde lónìí tó bi mí pé ọmọ ta ni mò ń gbẹ́, kí ni n ó sọ? Ó ń bà mí nínú jẹ́ pé èmi ni mo gbọ́ ìbéèrè yẹn kẹ́yìn nílé wa. Bí mo bá kú, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni Ọláṣùpọ̀ yóò ta àáké mi fún.

Kí Ọlọ́run fún orúnkún yín lókun, kí ẹ fi rìn lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ yín. Kí ó pa ilé yín mọ́ ní ọ̀kan. Kí ọmọ tó ṣẹ́kù fún yín má sọnù mọ́ yín lọ́wọ́.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ ìyá yín,
Ọlápàdé agbẹ́gilére.

Àfikún: Èyí tí òyìnbó kọ̀ wà nínú àpò Kẹ́hìndé, mo fi aṣọ wé e. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Imú rẹ̀ ṣì mú, ilà rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, ọdún tó kù fún èmi àti ẹ̀yin kò sì tó láti fi ọwọ́ pa á rẹ́. Ẹ bu omi sínú àwo, kí ẹ gbé e síwájú ẹni tó ń kàwé yìí. Kẹ́hìndé, gbé lẹ́tà sílẹ̀ báyìí, kí o wẹ èkejì rẹ.