Ìkọ̀wé Màmá ní Ọjà Kérésì

Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, 2019. Kassel.

Mo di ẹrù. Mo tú u. Mo tún un dì. Ọ̀la ni èmi àti Ológoṣẹ́ ń lọ. Gerlinde ni orúkọ àbúrò mi, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí Ológoṣẹ́ ni, torí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́ mẹ́ta péré, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú: ìlú kan, ọjà Kérésì kan, ká rìn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wá, ká padà sílé. Lọ́dún yìí, Nuremberg ló kàn.

Ogúnjọ́ oṣù yìí ni yóò pé ẹni àádọ́rin ọdún. Màá wá nǹkan rà fún un níbẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Kò gbọdọ̀ mọ̀. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ kí i kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó bá kí èèyàn kú ọjọ́ ìbí ṣáájú ọjọ́, ikú ló ń pè. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ níbí, ṣùgbọ́n ojú tiwa ti rí i.

Ìṣẹ́gun, 3.

A dé. Ológoṣẹ́ sọ̀rọ̀ láti Kassel dé Nuremberg láìmí. Òtẹ́ẹ̀lì mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀dì le bíi pákó. Nírọ̀lẹ́ a dúró lójú òtútù, a mu wáìnì gbígbóná. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ ìtàn aládùúgbò mi tó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín. Irọ́ ni. Ó kàn fẹ́ kí n dákẹ́ kóun lè ráyè sọ tòun ni.

Ọjọ́rú, 4.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

A ti wo aago ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án, àwọn ère ọkùnrin onírin tó wà lára rẹ̀ yí ọba wọn po tán, a bọ́ sáàárín àwọn ìsọ̀. Mo ń wá bí mo ṣe máa yọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ológoṣẹ́. Òun ló dúró. Ìsọ̀ oníkéèkì olóyin ni, irú èyí tí wọ́n ń gé bí ọkàn, tí wọ́n á fi ṣúgà funfun kọ orúkọ sí lára, tí wọ́n á so okùn mọ́ kéèyàn lè fi kọ́ ọrùn. Ó ní kí n wá wò ó, orúkọ òun rèé! Lóòótọ́, ọkàn ńlá kan wà ní igun lọ́hùn-ún. Wọ́n kọ Gerlinde sí i. Lábẹ́ rẹ̀: 70.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ọmọbìnrin tó ń tà, Svenja lorúkọ rẹ̀, ti yọjú síta. "Àbí ẹ̀yin gan-an ni Gerlinde? Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, màmá! Ẹ ó ṣe púpọ̀ ọdún láyé." Kí n tó lanu, ó ti fi í kọ́ ọ lọ́rùn.

Ológoṣẹ́ tí kì í dákẹ́ dákẹ́. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

Mo bi ọmọ náà léèrè ta ló ní kí wọ́n ṣe é. Ó ní òun ò mọ̀. Ìyá ìyá òun ló gba iṣẹ́ náà kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n ti san án tán, òun kàn bá kéèkì nínú àpótí pẹ̀lú ìwé pélébé kan. Òun ò lè kà á, orúkọ tí wọ́n kọ sára kéèkì lòun rí, lòun bá gbé e kọ́ kí olówó rẹ̀ lè rí i. Ó yọ ìwé náà lára pákó, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Orí mi wú.

Ìkọ̀wé àtijọ́ ni, èyí tó rí ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn, tí wọn ò fi kọ́ ọmọ ní iléèwé mọ́ láti ayé ogun. G tó bẹ̀rẹ̀ Gerlinde na ìrù rẹ̀ sẹ́yìn, ó ká a kò bí ìrù ológbò. Màmá nìkan ló ń kọ G bẹ́ẹ̀. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Màmá ti kú.

Ológoṣẹ́ ò mọ ìkọ̀wé yẹn kà. Nígbà tí Màmá ń kọ́ wa lórí tábìlì ìdáná, igi ni òun ń gùn lóde. Ó ní kí n kà á fóun. Mo kà á, ó sì dùn mí pé mo kà á: "Gerlinde. 70. Ẹ bá mi gbé e pamọ́. Mò ń bọ̀ wá mú un."

Ó wò mí. "Mú kí ni, Traudel? Kéèkì ni àbí èmi?"

Ọjọ́bọ̀, 5.

Ológoṣẹ́ ò jẹun àárọ̀. Ó ní òun ló jẹ̀bi látilẹ̀. Lọ́dún tí Màmá kú, ọjọ́ Ajé ni ì bá pé ọgọ́ta ọdún. Òun ló ní ká ṣe é lọ́jọ́ Àìkú torí àwọn èèyàn ní iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. A gbé ife, a kí i, ó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ò mọ́ bá a. Ológoṣẹ́ ní Màmá ti wá gba ẹ̀san. Mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ. Ohùn mi le jù.

A padà sí ìsọ̀ náà. Svenja ti pe ìyá àgbà ní ọsibítù. Ìyá ní ohun tóun rántí ò ju pé obìnrin kan pe òun lórí fóònù, pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére.

Mo mu wáìnì mi tán, mo lọ dá kọ́ọ̀pù padà kí n lè gba owó ìdógò rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà á ní mo ti dá a padà. Mo wo ọwọ́ mi. Kò sí kọ́ọ̀pù níbẹ̀. Ìdààmú ọkàn ni.

Ẹtì, 6.

Ilé. Kọ́ọ̀pù ọjà mẹ́ta nínú báàgì mi! Ológoṣẹ́ ló kó wọn síbẹ̀. Ó ní òun kọ́. Ta ni nígbà náà?

Ajé, 9.

Ìwé pélébé náà wà nínú Bíbélì mi. Mo fi í wé lẹ́tà Màmá àtijọ́. G kan náà. Mi ò fẹ́ gba irú nǹkan báyìí gbọ́, kìràkìtà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe nínú ọkọ̀ tíráàmù, tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń yẹ̀ wò, èmi ò yẹ òkú wò rí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹtì, 13.

Ológoṣẹ́ ní àyà ń dun òun. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ le bíi ti ẹṣin. Kò gbà á gbọ́. Ó ti kọ ẹni tó máa jogún aṣọ òtútù rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni. Aṣọ náà ò tilẹ̀ bá mi mu.

Ẹtì, 13.

Ológoṣẹ́ lọ rí dókítà nítorí àyà rẹ̀. Ara rẹ̀ le. Ó fẹ́ fún mi ní aṣọ òtútù rẹ̀, kò bá mi mu.

Ìṣẹ́gun, 17.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń pè é láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ó ní mo ti pe òun ní ẹ̀ẹ̀meje lónìí. Kó má ṣàwàdà. Ẹ̀rù ń bà mí, mo kọ ọ́ síbí torí mi ò lè sọ ọ́ fún un. Òun nìkan ló kù fún mi láyé.

Mo bá Màmá sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé èèyàn ló wá mú, kó mú èmi.

Ọjọ́bọ̀, 19.

Màá sùn sílé Ológoṣẹ́ lálẹ́ òní.

Ẹtì, 20.

Ó jí! Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí oorun fi gbé mi lọ. Orin rẹ̀ nílé ìwẹ̀ ló jí mi, kò sì mọ orin kọ. Mo sunkún sínú aṣọ ìnura. Àádọ́rin ọdún gbáko. Mo kí i, mo kí i, títí ó fi ní kí n jẹ́ kóun wọṣọ.

A gbé kéèkì olóyin náà kalẹ̀, a fi òòlù fọ́ ọ, torí ó ti le. A jẹ Gerlinde, a jẹ 70. Inú mi dùn bí mi ò ṣe rántí pé ó dùn rí. Màmá, ẹ má bínú sí ohun tí mo rò.

Àbámẹ́ta, 21.

Kò sí nǹkan lónìí. Ológoṣẹ́ sunkún lórí fóònù. Mi ò mọ ohun tó ṣe é, ọjọ́ ìbí ṣáà ti kọjá.

Àìkú, 22.

Mo tan àbẹ́là kẹrin, ti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn ṣáájú Kérésì. Ológoṣẹ́ wá lójijì láìwọ ìbọ̀wọ́, ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Mi ò bi í.

Ajé, 23.

Mo ń wá orúkọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn fún aládùúgbò mi. Mo ṣí ìwé yìí padà sẹ́yìn, sí oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ kẹrìnlá. Ìlàjì ewé kan, ìkọ̀wé ṣóńṣó, G tó ká ìrù kò. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé Màmá ti wọ inú ìwé mi.

Mo kà á.

"Mo ti pe ìyá oníkéèkì ní Nuremberg, mo sì ti fi ìwé ránṣẹ́ sí i: ọkàn ńlá kan fún Gerlinde, kí wọ́n gbé e pamọ́ dè mí. Ìkọ̀wé Màmá ni mo fi kọ ọ́, inú ìyá náà dùn pé ó ku ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ tètè ṣe é nítorí ohun tí dókítà sọ fún mi láàárọ̀ yìí. Ìrántí mi ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní padà. Mi ò ní sọ fún Ológoṣẹ́ kó tó pé àádọ́rin. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí, kó má bàa rí i kà. Bí mo bá gbàgbé, kí n wá kà á níbí."

Mi ò rántí dókítà kankan. Mi ò rántí fóònù. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti da gbólóhùn àkọ́kọ́ kọ lẹ́ẹ̀mejì, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń kọ́ ní ìkọ̀wé. Mo mú bírò, mo da tèmi kọ sábẹ́ rẹ̀, kí n fi mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ni.

Ọwọ́ mi ni. G, ìrù, gbogbo rẹ̀.

Mo pe Ológoṣẹ́. Mo ní kó jókòó, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì sọ fún un. Mo sọ ọ́ tán.

"Traudel mi," ó ní, "o ti sọ fún mi lánàá. O sọ fún mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà."

Mo tún wo ewé náà. Pẹ̀lú tòní, mo ti dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹta.