Ẹ̀yìn Gígùn Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà wa, Màmá mi. Èmi Dàpọ̀, àkọ́bí yín, ni mo ń kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Padova ní Ítálì, níbi tí kùrukùru ti bolẹ̀ láti àárọ̀ débi pé n kò rí ilé tó kọjú sí tiwa. Orúnkún Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ń lo oògùn tí a fi ránṣẹ́, àbí wọ́n tún ti kó o pamọ́ fún àlejò? Àwa dáadáa ni níbí. Òtútù ń mú wa, ṣùgbọ́n kò tíì gbé wa lọ.

Màmá sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá pé Rótìmí àbúrò mi ti bá ajórin ṣàdéhùn, pé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde wọn yóò gé ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù yín kúrú. Wọ́n ní ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kò dá a lóhùn, tí ẹ kì í sì í fọwọ́ kan oúnjẹ tó bá gbé wá. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ sọ ni pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí ẹ bá ti fún ọmọ pé kó máa lò, ẹ kì í gbà á padà. Háà! Bàbá, mo mọ̀ yín. Bí ẹ bá ti dákẹ́ báyẹn, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ yín lára nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa, nítorí a pọ̀ níbí tí a ń jókòó sí ìlú òyìnbó tí a ń fi ẹnu ba nǹkan jẹ́ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ọkọ̀ náà ná, torí ó yẹ lẹ́ni à ń yìn. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe títì kó kúrò ní Oǹdó tí ẹ ra pikọ́ọ̀pù yẹn lọ́wọ́ wọn, àwọn ará àdúgbò ní ẹ ra irin àtijọ́. Irin àtijọ́ náà ló rán gbogbo wa níléèwé. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn débi pé pákó tí ẹ ń tà máa ń sùn sínú rẹ̀ bí ẹni sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀. Ẹ ó kàn já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀ fún èyí tó bá gùn jù. Inú àpótí rẹ̀ tọ́ gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, torí pé ìta ni mọ́gáàdì, irin tó bo táyà, wà, táyà kò yọ gegele sínú láti gba àyè ẹrù. Ẹ wá tún fi ìrókò tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ fúnra yín. Àtẹ̀gùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́, láàárín orí ọkọ̀ àti táyà ẹ̀yìn? Màmá kò ga, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kí wọ́n má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn yẹn, ọwọ́ wọn á dé àárín ẹrù, wọn á tò ó, wọn á dè é, wọn kì í bẹ ọkùnrin kankan. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ mìíràn kó ẹrù ní àdúgbò wa, ńṣe ni wọ́n ń fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́ kí ọwọ́ wọn tó lè tó okùn.

Ẹ mọ̀ pé magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Bergamo, tí mo ń ru páálí láàárọ̀ lálẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í pè mí lórúkọ. Nígbà tí permesso, ìwé ìgbélùú mi, jáde, ará ìjọ wa kan mú mi wá sí carrozzeria kan níbí, ibi tí wọ́n ti ń tún ara ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Iṣẹ́ panẹ́bítà tí ẹ ní kí n lọ kọ́, tí mo ń sunkún pé n kò fẹ́, òun ló gbà mí. Padrone, ọ̀gá ibẹ̀, gbé òòlù fún mi, ó ní kí n na mọ́gáàdì kan tó ti tẹ̀. Nígbà tó fọwọ́ pa á tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán, èdè àdúgbò wọn ni wọ́n ń sọ, n kì í gbọ́ ọ̀kankan, èmi a sì jókòó ti ọkọ̀ tí mo ń tún ṣe.

Nínú oṣù kẹsàn-án, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Signor Renzo gbé pikọ́ọ̀pù kan wá. Bàbá, omi bọ́ lójú mi! Ọkọ̀ yín gẹ́lẹ́ ni. Ẹ̀yìn gígùn, mọ́gáàdì níta, àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, pákó nílẹ̀. Àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀, pupa ni tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fi ń kó òpó àti àkàbà lọ sí oko àjàrà wọn. Signor Renzo ní kí a bá òun gé e kúrú, torí pé àwọn kúkúrú ni wọ́n ń yẹ́ sí níbi àpéjọ ọkọ̀ àtijọ́. Padrone kọjú sí mi, ó bi mí níṣojú bàbá náà pé kí ni mo rí sí i. Inú mi ń pariwo pé rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó tó bí mi lọ́mọ ló ń sọ̀rọ̀ nípa ohun ìní rẹ̀. Ṣé èmi ni n óò wá sọ lójú rẹ̀ pé kò mọ ohun tó ń ṣe? Bí ẹ ṣe kọ́ wa nílé ni mo ṣe. Mo tẹrí ba, mo ní bí wọ́n bá ṣe fẹ́ ni. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, mo ti gé e.

Ó rẹwà o, n kò ní purọ́. Àwọn èèyàn ń dúró ya fọ́tò rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Signor Renzo padà dé, ó fi okùn di àkàbà mọ́ ọn, ìdajì àkàbà wà níta tó ń mì fìrìfìrì. Ó ní òpó kò gba inú rẹ̀ mọ́. Èso àjàrà tí ẹ̀gbọ́n òun máa ń kó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ń lọ báyìí. Ó ní ṣé a lè bá òun dá a padà. Àwọn oníirin àlòkù ti kó ẹ̀yìn tí a yọ lọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn nìyẹn. A dé Treviso, kúkúrú ni wọ́n ní. A dé Sesto San Giovanni, ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní àtẹ̀gùn, gegele táyà sì wà nínú. Mo pe ọkùnrin kan ní Turin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun alára ti ń wá a tipẹ́, pé bí mo bá rí méjì, kí n jọ̀ọ́ fún òun ní ọ̀kan. Òun ló là mí lóye. Ó ní ẹni tó bá ra ẹlẹ́yìn gígùn láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ ló rà á fún, ó sì fi ṣiṣẹ́ títí ó fi dógùn-ún tó já. Èyí tó bá ṣẹ́kù, àwọn aláfẹ́ á gé e kúrú. Ìyẹn ni pé èyí tó wúlò jù ló wá ṣọ̀wọ́n jù. Títí di òní, a ò tíì rí i.

Ohun tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tí Signor Renzo bá mi sọ. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí pé èmi tí bàbá mi ní irú ọkọ̀ yìí, èmi tí mo mọ ohun tó lè ṣe, kí ló dé tí n kò sọ fún òun? Mo ní nílé wa, a kì í gbó àgbà lẹ́nu. Kò bínú. Ó kàn ní òun àgbà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ṣìnà lójú ẹni tó mọ ọ̀nà.

Mo fi fọ́tò ọkọ̀ yín han Tèmi ọmọ mi. Mo fi Yorùbá bi í pé ṣé ó rí ọkọ̀ bàbá àgbà. Ẹ mọ àwọn ọmọ ìlú òyìnbó, èdè Italiano ló fi dá mi lóhùn. Ó ní ó mà rẹwà o, ṣé òun lè dúró lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ tí a bá wálé? Bùkọ́lá ìyàwó mi wojú mi. Mo ní à á rí i.

Bàbá, àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Rótìmí kọ́ ló ronú gígé yẹn. Èmi ni. Kí Signor Renzo tó gbé tiẹ̀ wá, mo lọ wo àpéjọ ọkọ̀ àtijọ́ kan ní Turin. Mo rí àwọn kúkúrú tó ń dán yinrin, wọ́n wọ̀ mí lójú, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Rótìmí lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó gé tiwa bẹ́ẹ̀, pé ohun tó wà lóde nìyẹn. Ọmọ náà bi mí pé pákó ńkọ́. Mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé òun ló wà nílùú òyìnbó ni àbí èmi. Nígbà tí mo wá rí ti Signor Renzo, tí ojú mi là, ìtìjú kò jẹ́ kí n pè é padà. Mo ń tan ara mi pé ó ti gbàgbé.

Àná ni mo tó pè é. Mo ní kó dá ajórin dúró. Ó ní òun ti gbọ́, mo sì gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Mo wá bi í pé, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti ń bínú, kí ló dé tí kò sọ fún yín pé èmi ni mo rán an. Bàbá, ohun tó sọ ló mú mi sunkún láàárín èrò nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó ní ìbínú yín wúwo; kó kúkú wà lórí òun tó wà nítòsí, tó lè máa dọ̀bálẹ̀ fún yín láràárọ̀ títí ẹ ó fi yọ́nú, ju kó wà lórí èmi tí mo wà lókèèrè, tí n kò mọ ìgbà tí n óò tún fojú kan yín.

Èmi ni kí ẹ bínú sí. Ẹ dákun, ẹ pe Rótìmí wọlé, kí ẹ jọ jẹun.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, ẹ ó jèrè ọmọ, ẹ kò ní fi ojú sunkún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò. Bùkọ́lá àti Tèmi ní kí n kí yín. Ṣùgbọ́n Rótìmí ni kí ẹ kọ́kọ́ kí.

Èmi ni ọmọ yín tó jẹ̀bi,
Dàpọ̀