Ọ̀kadà Pupa Méjì Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá 2024

Alága ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ wá sílé. Ó ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìparí oṣù lórí òfin ìwà ọ̀daràn àti ohun tó ń sọ èèyàn di ọ̀daràn. Ta ni wọn ì bá tún pè ní gbogbo Ọ̀tan yìí? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù ní Ìlá kí n tó fẹ̀yìn tì. Adájọ́ Àgbà — Morónkẹ́ ìyàwó mi ni o, òun ló ń dájọ́ nínú ilé yìí — ní kí n má lọ máa sọ òyìnbó fún àwọn àgbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ àti ọkàn ni mo fi ṣí i. Kí ọwọ́ ṣe é, kí ọkàn sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, ó ṣòro kí òfin tó pè é ní ọ̀daràn. Ẹni tó gbé agboòrùn ẹlòmíì tó rò pé tòun ni, kì í ṣe olè.

Ohun tó ń fà á: ebi. Àìríṣẹ́ṣe. Ẹgbẹ́ búburú. Ojúkòkòrò. Òbí tí kò bá ọmọ wí.

Mo kà á fún Adájọ́ Àgbà. Ó ní gbogbo rẹ̀ dà bí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ẹlòmíì. Obìnrin yìí!

Ọjọ́ Àìkú, 6

Wọ́n pa èèyàn lónìí. Mi ò lè kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 7

Kí n gbìyànjú.

Ìsìn ìdúpẹ́ la ṣe. Mo gbé Pupa, ọ̀kadà mi, sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò ṣú, mo jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Pupa ò sí níbi tí mo gbé e sí. Mo wo títì, ọkùnrin kan ń gùn ún lọ sọ́nà Iresi. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ tó fọ́ ni mo fi dá a mọ̀.

Mo pariwo olè. Mo pa ariwo náà léraléra.

Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta dí i lọ́nà. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n yára. Mo ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà bí mo ṣe ń bọ̀: "Tèmi ni. Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ mi lára ẹ̀." Mo rò pé irọ́ ni. Ní kóòtù, ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀?

Akíntúndé mẹkáníìkì fi irin lù ú lórí. Àwọn yòókù dà bò ó. Mo ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ohùn tó dé oríta nígbà tí mo pe olè, kò dé etí ẹni tó wà níwájú mi mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Ọ̀kadà pupa kan ṣì wà lẹ́yìn igi máńgòrò. Kò sẹ́ni tó wá gbé e.

Ọjọ́rú, 9

Ẹ̀gbọ́n olóògbé ti Iresi wá gbé e. Àyàndélé lorúkọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Bólúwají, àgbẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá bá dúpẹ́.

Fúnminíyì tó ń ṣètò àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sunkún. Ó ní nígbà tí mọ́tò pásítọ̀ àlejò dé, àwọn taari àwọn ọ̀kadà kúrò lọ́nà. Ti Bólúwají bọ́ sẹ́yìn igi. Pupa bọ́ síbi tí ti Bólúwají wà.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló kó àwọn ọ̀kadà yẹn wá fún gbogbo wa, àtará Ọ̀tan àtará Iresi. Àwọ̀ pupa ni gbogbo wọn. Kọ́kọ́rọ́ èyí tó bá sì ti gbó máa ń ṣí òmíì. Gbogbo wa la mọ̀, a máa ń yá ara wa ní kọ́kọ́rọ́.

Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ Àyàndélé. Mo ki kọ́kọ́rọ́ mi bọ ọ̀kadà àbúrò rẹ̀. Ó yí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún.

Àyàndélé di ọwọ́ ọ̀kadà náà mú. Ó dúró dè mí kí n yọ kọ́kọ́rọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Ọlọ́pàá ti mú Akíntúndé. Òun nìkan. Àwọn yòókù ti sá kúrò nílùú.

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sí pálọ̀ mi. Ó ní kí n sọ pé mi ò rí ọmọ òun níbẹ̀. Mo ní mo rí i. Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ pè é wá, Bàbá. Ariwo yín ló gbọ́ tó fi sáré jáde nínú ṣọ́ọ̀bù."

Mo wo Morónkẹ́. Adájọ́ Àgbà ò dájọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 13

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún ka ohun tí mo kọ fún ẹgbẹ́ ọkùnrin. Ebi wà níbẹ̀, ojúkòkòrò wà níbẹ̀. Kò sí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán tó wá pariwo olè níbẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí alága pé mi ò sọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Bí n kò bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Akíntúndé nìkan ló máa ru gbogbo rẹ̀. Bí mo bá lọ, wọ́n lè ti èmi náà mọ́lé lọ́jọ́ ogbó mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ajé, 14

Mo lọ.

Sájẹ́ǹtì Ọlámilékan ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti mọ̀ mí láti kóòtù Ìlá. Mo sọ gbogbo rẹ̀: igi máńgòrò, iná ẹ̀yìn, ariwo. Mo ní kó fi kún un pé Akíntúndé ò mọ ọkùnrin náà rí, ẹnu mi ló ti gbọ́ pé olè ni. Ó kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i lórí tábìlì kó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kó ọwọ́ yín kúrò. Ẹ gbà tọkàntọkàn pé wọ́n jí ọ̀kadà yín. Àṣìṣe ni. Òfin ò ní bá yín wí fún un."

Òótọ́ ló sọ. Bólúwají náà gbà tọkàntọkàn pé ọ̀kadà òun ni. Àṣìṣe kan náà ni àwa méjèèjì ṣe, lábẹ́ igi kan náà.

Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo sì lọ sílé.