Akọ̀wé Báńkì Tú Àṣírí Owó Mi Nípàdé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Apòògùn ni mí ní Àbújá níbí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ béèrè iye tó kù nínú àkáǹtì mi. Ọmọ ìlú wa kan tó jẹ́ akọ̀wé báńkì náà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Láníyì, ló bá mi wò ó. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń dáwó, mo mú ẹgbẹ̀rún méjì náírà sílẹ̀.

Láníyì bú sẹ́rìn-ín: “Àǹtí, ẹgbẹ̀rún méjì kẹ̀? Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó yín wà ní báńkì!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún wá. Owó iṣẹ́ abẹ ojú ìyá mi mà ni!

Èmi ni mo ń po oògùn tí Láníyì ń lò. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n fẹjọ́ rẹ̀ sun máníjà, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?