Omi Lílì Tí N Kò Dà Nù

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí bùọ̀dá mi àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ooru ti mú ní Hillcrest Heights níbí, ẹ̀wù ti ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn kí èèyàn tó dé ìdí mọ́tò.

Ẹ ní kí n tún ya fọ́tò òdòdó funfun ẹ̀yìn ilé mi ránṣẹ́, kí ẹ fi han àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá, kò sí mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi hú u.

Ẹ rántí pé lílì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà Àjíǹde. Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún tó kọjá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi fẹ́ kó wọn dà nù tìkòkò-tìkòkò. Èmi kò lè wo irú ìnákúnàá bẹ́ẹ̀. Mo kó díẹ̀ wálé, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé Bùọ̀dá Aláàtàn ti dé. Mo gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata rodo mi. Òtútù pa ewé wọn, mo rò pé ó parí. Lọ́dún yìí, tí Àjíǹde ti kọjá tipẹ́, wọ́n tún yọ, wọ́n ga dé ìbàdí mi, ẹnu wọn là bíi ti kàkàkí, òórùn dídùn wọn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ bi mí nígbà náà pé ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni. Mo ní rárá. Ẹ ní kí ni mo wá ń bomi rin ín fún.

Màmá Loretta kò bi mí bẹ́ẹ̀. Opó ni, ọmọ Amẹ́ríkà níbí, ilé tó tẹ̀ lé tèmi ló ń gbé. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí nígbà tí yìnyín dá mi dúró síbi iṣẹ́, òun ló ń wọlé wò ó kí páìpù omi má baà bẹ́. Bébì ló ń pè mí, èmi tí mo ti hu irun funfun. Òun àti ológbò rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Bísíkíìtì lorúkọ ológbò náà. Ẹ rẹ́rìn-ín títí lórí fóònù lọ́jọ́ tí mo sọ fún yín.

Ní Sátidé kan, mo gé lílì díẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, mo kì wọ́n sínú bákẹ́ẹ̀tì omi mọ́jú. Nígbà tí mo yọ wọ́n láàárọ̀, n kò da omi náà nù. Bí ẹ ṣe kọ́ wa nìyẹn: omi tí a bá fi fọ ìrẹsì, ìdí ata ni à ń dà á sí. Mo dà á sínú abọ́ lẹ́bàá àtẹ̀gùn, pé n ó fi rin ata tí oòrùn bá rọlẹ̀. Nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bísíkíìtì ń lá a. Mo rẹ́rìn-ín, mo pààrọ̀ aṣọ, mo lọ síbi iṣẹ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń fọ aṣọ. Nídìí oúnjẹ, mò ń fi ọ̀rọ̀ ológbò náà dá Sístà Ṣadé lára yá, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìbàdàn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé lílì ń pa ológbò ni, àtewé àtòdòdó, títí kan omi tó dúró sí, pé kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Ó ní kí n dìde, kí n pe ìyá yẹn kíákíá.

Màmá, mo kọ́kọ́ rò ó. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, n ó pàdánù ẹnì kan ṣoṣo tó ń mọ̀ bóyá mo délé. Mo pè é. Kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mò ń lọ. Ó ní wọn kò ní sanwó wákàtí tó kù fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, mo ní kò burú.

Nígbà tí Màmá Loretta ṣílẹ̀kùn, mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Kò pariwo. Ó fi táwẹ̀lì wé ológbò náà, ó wọ mọ́tò mi. Ẹranko yẹn nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn ẹranko. Dókítà bi wá pé kí ló mu. Màmá Loretta yíjú sí mi pé kí n dáhùn. Wọ́n dá ológbò dúró, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ní ó di ìgbà tí àyẹ̀wò bá jáde kí wọ́n tó mọ̀ bóyá yóò yè. Mo ní èmi ni n ó san án. Ó ní òun kò bèèrè owó lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá kọ́kọ́rọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi bébà wé e. Mo mú ṣọ́bìrì, mo hú gbogbo lílì náà tìdí-tìdí, mo so ó sínú àpò ìdọ̀tí. Òórùn rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ mi. Mò ń wo fèrèsé Màmá Loretta ṣáá. Kọ́tìnnì kò ṣí. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, nítorí ológbò? Màmá, kì í ṣe ológbò nìkan.

Ìgbà tí mo rí i tó ń gbé ẹranko náà wọlé ni mo mọ̀ pé ó yè. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Àná ló tó kanlẹ̀kùn. Ó lọ dúró síbi tí lílì wà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà wò, ó bi mí pé kí ni mo máa gbìn síbẹ̀. Mo ní ilá. Ó ní ìyá òun náà máa ń gbin ilá. Ló bá na ọwọ́, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí ni mò ń wò, àbí wọ́n sọ fún Bébì pé yìnyín kò ní bọ̀ mọ́ ni?

Ẹ má fi irúgbìn ilá rán ẹnikẹ́ni, wọ́n á gbà á ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo ti rí i rà níbí. Ọlọ́run á fi àlàáfíà kún ọjọ́ yín, ẹ ó fojú yín rí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti àwọn ẹgbẹ́ yín tó ń retí fọ́tò: ẹ ní ilá ni wọn yóò rí.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéwálé