Ìka Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ Lára Irin Mi

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi sáńpépà ha hándù ilẹ̀kùn mẹ́fà tí oníbàárà kan ní kí n rọ. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo sì tẹ́ wọn sórí aṣọ mímọ́. Ibi tí ọwọ́ bá ti kàn wọ́n, kẹ́míkà tó ń sọ irin di dúdú kò ní mú ibẹ̀ dáadáa.

Ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀, bá wọlé, tó ń jẹ iṣu sísun àti epo. Ó kí mi, "Okun o, ìyàwó wa." Mo kúnlẹ̀ kí i. Kí n tó dìde, ó ti ń gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n."

Ó ní ṣé irin náà ń bẹ̀rù ọwọ́ ni.

Aṣọ ni mo kàn fi nù wọ́n kí n tó fi kẹ́míkà náà kùn wọ́n, mi ò tún fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, torí oníbàárà mi ti dé láti Ìyàrá. Ìkánjú mi nìyẹn. Bí kẹ́míkà náà ṣe gbẹ, ìka Bọ̀ọ̀dá hàn ketekete lára gbogbo wọn. Òun náà ló wá ń sọ níwájú oníbàárà pé, "Mo ti sọ fún àbúrò mi pé iṣẹ́ irin kì í ṣe ti obìnrin."

Ọkọ mi ní kí n fara dà á, ẹ̀gbọ́n òun ni. Ọdún wo ni mi ò fara dà á?

Màá ha márùn-ún lọ́la, màá sì ṣe ọ̀kan tuntun. Èyí tí àtàǹpàkò Bọ̀ọ̀dá hàn jù lára rẹ̀, mo ti kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Òun ni Bọ̀ọ̀dá máa dì mú kó tó lè wọlé.