Àpótí Ìyá Rẹ Wà Lọ́dọ̀ Àwọn Àna Mi

Nyengeterai ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa, àbí òtútù Harare ṣì ń mú ọ láyà? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣubú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ bàbá rẹ. Èmi wà láàyè. Orúnkún ń dùn mí, àgbàdo kò burú, màlúù dúdú ti bímọ, akọ ni. Ìyàwó tíṣà ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un.

Ọ̀rọ̀ àpótí dúdú kékeré tí o ní kí n fi ránṣẹ́ ló wà nílẹ̀, èyí tí o kó gbogbo inú kọ̀ǹpútà ìyá rẹ pamọ́ sí kí kọ̀ǹpútà náà tó kú. Kò sí nílé. Má pariwo. Ilé ìdáná ni ìyá rẹ gbé e sí, láàárín ìkòkò, ìwọ náà sì mọ̀ pé ohun tó bá wà nílé ìdáná obìnrin, tirẹ̀ ni, bó bá kú, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ló ń kó o. Wọ́n dé lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n kó àwo, wọ́n kó àpótí mọ́ ọn. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Ta ni mí tí n ó fi sọ fún àna pé kó fi nǹkan sílẹ̀?

Ohun tí o ṣàlàyé lórí fóònù yé mi ju bí o ti rò lọ. O ní ohun tó wà nínú àpótí náà dà bí ẹrù tí a dì pọ̀, kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀, àfi kí o kọ́kọ́ sọ ọ́ di díìsìkì tí kò sí, kí kọ̀ǹpútà ìyá rẹ lè jí nínú kọ̀ǹpútà tìrẹ. Ẹ̀fọ́ gbígbẹ nìyẹn. Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ ṣe máa ń sá ewé ẹ̀wà títí gbogbo rẹ̀ á fi wọ inú agolo kan, tó bá tún rẹ ẹ́ sómi, á kún ìkòkò. Torí náà, wá àyè ńlá sílẹ̀, yóò wú. Díìsìkì tí kò sí yìí nìkan ni kò tíì yé mi, pé kí ohun tí ọwọ́ kò lè kàn máa gbé ẹrù, ṣùgbọ́n owó wa náà wà nínú fóònù tí ẹnikẹ́ni kò rí i, a sì ń fi ra ṣúgà. Tí ẹ̀rọ rẹ bá ti gbé ẹ̀rọ míràn sínú, má gbé e sórí itan mọ́, kí o sì fún un ní iná dáadáa, ẹnu méjì ló ń jẹun.

Mo wọkọ̀ lọ sílé àwọn àna mi ní Gutu, mo gbé adìyẹ kan dání. Mo lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà, mò ń pàtẹ́wọ́ kí wọn. Sekesai, àbúrò ìyá rẹ, jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ kó tó dáhùn, ó pè mí ní Moyo, ó ní ebi ló lé yín dé ni? Mo rí àpótí náà lórí pẹpẹ ìkòkò, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Zvidzai ẹ̀gbọ́n wọn béèrè ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Mo ní o fẹ́ jí ẹ̀rọ náà dìde ni, pé ohùn ìyá rẹ wà níbẹ̀, níbi tó ti ń ka ìtàn fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Ó ní ṣé ọmọ àwọn yóò máa sọ̀rọ̀ nínú ilé èmi Moyo? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní háà, Moyo, ìwà olè rèé, ìgbà wo ni àwọn ń fi ọmọ tọrẹ? Kí n lọ mú ewúrẹ́ ìdána wá. Mo ní mo ti san gbogbo ìdána rẹ̀, títí kan màlúù ìyá ìyàwó. Ó ní èyí tí àwọn sin ni mo san tirẹ̀. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Sekesai ní kí n ra bàtà mọ́ ọn, pé ọkọ ìyàwó wo ló ń wọ bàtà tó lanu bí ọ̀nì?

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dára, n ó mú ewúrẹ́ wá.

Ẹ̀rín dá. Zvidzai ní Moyo, àwàdà ni o, kí n máa gbé àpótí lọ. Mo ní èmi kò ṣàwàdà, tí wọ́n bá ní kí n tún un fẹ́, màá tún un fẹ́. Sekesai bú sẹ́kún, irú ariwo tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ nìyẹn. Wọ́n ki àpótí náà bọ̀ mí lọ́wọ́ tipátipá. Ó ti wà lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, lọ gbà á ní ibùdókọ̀ Mbare.

Fi owó ewúrẹ́ ránṣẹ́. Abo tí kò tíì bímọ ni, tèmi ti gbó, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, màá so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn, màá sì máa lọ. Tí owó bá kù, fi ti bàtà sí i.

Kí Ọlọ́run àti àwọn tó ti lọ ṣáájú máa ṣọ́ ọ, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bàjẹ́. O ní bí ẹ̀rọ náà bá jí, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ á wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí o dì í. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá rẹ wà nínú ọgbà tòmátì, ó ń bú mi. Ẹ̀rọ náà kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Má sọ fún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
Moyo